Kadri Aránbàtà àti Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn Bakır

Ṣọ́ọ̀bù Kadri aránbàtà àti tèmi jọ fara ti ògiri kan ní àdúgbò Balat. Òun ń tún bàtà ṣe, èmi ń fi tánńganran bo inú ìkòkò bàbà. Bó bá ń kan ìṣó, ìkòkò mi á máa dún. Báyìí la ṣe wà láti ìgbà tí irun àwa méjèèjì ṣì dúdú. Usta, ìyẹn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, ni àdúgbò ń pe Kadri.

Òjòwú ni. Mi ò sọ ọ́ láti bà á jẹ́. Òun náà mọ̀. Àwọn àgbà ní òjòwú ò lẹ́ran láyà, ti Kadri sì rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ, bí ẹni wọ aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí oníbàárà bá gbé bàtà wá, imú ló máa kọ́kọ́ gbé e sí. Bó bá gbóòórùn gọ́ọ̀mù aránbàtà mìíràn lára rẹ̀, á gbé e padà lé onítọ̀hún lọ́wọ́.

"Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó tún un ṣe kẹ́yìn."

"Kadri Usta, ìdí rẹ̀ nìkan ló fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Ara yín ò yá nígbà náà, ẹ ti ṣọ́ọ̀bù."

"Ara mi ti yá báyìí. Ẹ ò bá ti dúró dè mí."

Kò níyàwó. Ó kù díẹ̀ kó gbé ìyàwó nígbà kan. Ọmọbìnrin náà bá ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì nínú ọkọ̀ ojú omi rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ló parí sí. Yàrá kan ló gbà ní Üsküdar, ní òdìkejì omi, lọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan tí kò fẹ́ rí ẹranko lójú. Àárọ̀ ni ọkọ̀ ojú omi ń gbé e wá, ìrọ̀lẹ́ ló ń gbé e padà.

Bakır ni ológbò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bàbà ni ìtumọ̀ orúkọ náà. Àwọ̀ rẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ìgbà òtútù kan, nígbà tó ṣì kéré, ó wọ inú bàtà ọlọ́rùn gíga kan tí wọ́n gbé wá fún títúnṣe, ó sùn síbẹ̀. Nígbàkígbà tí ẹni tó ni bàtà bá dé, Kadri á ní kò tíì parí. Kò parí títí ọmọ ológbò náà fi dàgbà ju inú bàtà lọ.

Ọ̀sán ni Bakır ń jẹ́ ti Kadri. Bí Kadri bá ti ti ilẹ̀kùn, tó gba ọ̀nà èbúté lọ, Bakır á gba ojú ọ̀nà kọjá, á gun àtẹ̀gùn òkúta tó wà níta ilé òdìkejì, á wọlé tọ Vesile Hanım. Opó ni Vesile; Hanım ni a fi ń pe obìnrin tí a bọ̀wọ̀ fún. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán kóòtù ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìntì; bọ́tìnnì ló ń rán. Ó bá ọkọ rẹ̀ gbé dáadáa, kò sì bímọ. Ológbò náà ló ń bá a sùn.

Kadri mọ̀. Láràárọ̀, kó tó ṣílẹ̀kùn tán, á bẹ̀rẹ̀, á bi ológbò náà léèrè.

"Ibo lo sùn?"

Bakır á máa fi ara nu ṣòkòtò rẹ̀.

"Mo ní ibo lo sùn? Wo irun rẹ bó ṣe ń dán. Ta ló ya á fún ẹ?"

Ìgbà òtútù tó kọjá ni àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Bakır ń mu omi bí ẹni tó jẹ iyọ̀. Ó ń tọ̀ ṣáá. Ó ń jẹun, síbẹ̀ ó ń rù. Lẹ́yìn náà ló wá kan ẹsẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ ni ológbò fi ń rìn, gìgísẹ̀ rẹ̀ kì í kanlẹ̀. Ti Bakır wá ń kanlẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ẹni wọ bàtà tó tóbi jù ú lọ, ìdí rẹ̀ sì ń yí sọ́tùn-ún sósì. Lọ́jọ́ kan ó fẹ́ fò sórí àpótí ìjókòó Kadri. Kò dé ibẹ̀, ó já bọ́. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń lá àyà rẹ̀ bí ẹni pé bó ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn.

Kadri jáde sí ojú ọ̀nà. Ó gbójú sókè sí fèrèsé Vesile Hanım.

"Kí lẹ fún un jẹ?"

"Ta ni?"

"Ológbò mi!"

Vesile Hanım yọrí. "Ológbò yín kẹ̀? Ológbò àdúgbò ni. Búrẹ́dì tí mo fi mílíìkì rin ni mo fún un, bí mo ṣe ń ṣe látọdún mọ́dún. Ẹ̀yin ńkọ́? Ìrẹsì ọ̀sán yín tí ẹ jọ ń jẹ ńkọ́?"

"Ìrẹsì tèmi ò pa ẹnikẹ́ni rí."

"Ó hàn lára yín. Ẹ wo bẹ́ ẹ ṣe sanra."

Mo ti ń gbọ́ láti inú ṣọ́ọ̀bù mi. Mo jáde sí wọn.

"Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko," ni mo wí. "Bẹ́ ẹ bá parí ìjà yín lónìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní ti torí ẹ̀ san."

Apẹ̀rẹ̀ kan ni wọ́n fi gbé e. Kadri di etí apẹ̀rẹ̀ kan mú, Vesile Hanım di èkejì mú, ẹnikẹ́ni ò fi sílẹ̀ fún ẹnì kejì. Mo tẹ̀ lé wọn kí wọ́n má baà fa apẹ̀rẹ̀ náà ya.

Dókítà Selda kéré lọ́jọ́ orí, ọwọ́ rẹ̀ sì tutù dáadáa. Ó gba ẹ̀jẹ̀ ológbò náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Àtọ̀gbẹ ni. Ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì ti ba iṣan ẹsẹ̀ ẹ̀yìn jẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń fi gìgísẹ̀ rìn."

"Ṣé ó tún máa rìn dáadáa?" ni Kadri béèrè.

"Bí ṣúgà bá wálẹ̀, tí kò sì tún gòkè mọ́, ẹsẹ̀ lè padà bọ̀ sípò. Oṣù ni ká máa retí, kì í ṣe ọjọ́. Ó sì lè má padà tán."

Ó kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa gún un ní abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì, lábẹ́ awọ ẹ̀yìn ọrùn, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kó jẹun kí wọ́n tó gún un. Bí kò bá jẹun, tàbí bí ìṣe rẹ̀ bá yí padà, kí wọ́n má gún un, kí wọ́n pe òun. Kò gbọdọ̀ jẹ búrẹ́dì mọ́, kò gbọdọ̀ jẹ ìrẹsì, kò gbọdọ̀ mu mílíìkì. Oúnjẹ inú agolo tí òun bá fún wọn ni kó máa jẹ, ìwọ̀n kan náà lójoojúmọ́.

"Abẹ́rẹ́ àti oúnjẹ, tọkọtaya ni wọ́n," ni dókítà wí. "Bí oúnjẹ bá fẹ́ yí padà, ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi, kí n tún abẹ́rẹ́ wọ̀n. Ẹ má jẹ́ kó máa fò. Ẹ má jẹ́ kó máa rìn lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀. Ta ló máa gún un láàárọ̀, ta ló máa gún un nírọ̀lẹ́?"

"Èmi," ni Kadri wí.

"Méjèèjì?"

"Méjèèjì."

Vesile Hanım kọjú sí i. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa wà lójú omi nírọ̀lẹ́? Ṣé ẹ máa ju abẹ́rẹ́ náà látinú ọkọ̀ ni?"

Dókítà tẹrí ba sórí ìwé rẹ̀. Ẹ̀rín ń mi èjìká rẹ̀.

"Mi ò wọ ọkọ̀ mọ́," ni Kadri wí.

Kò wọ̀ ọ́ mọ́ lóòótọ́. Ọkùnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tó ní yàrá, tó ní bẹ́ẹ̀dì, orí pákó tó fi ń gé awọ ló bẹ̀rẹ̀ sí í sùn, kí obìnrin òdìkejì má baà gún ológbò lábẹ́rẹ́. Ìgbà òtútù ni. Omi ń yọ lára ògiri wa. Mo ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀.

Mi ò ní rẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ jẹ; ó ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Ó gé rọ́bà ìdí bàtà ní tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀ láti ibùsùn ológbò náà dé ibi oúnjẹ, láti ibi oúnjẹ dé inú páànù tó ń yàgbẹ́ sí. Ó gé etí páànù náà sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè kọjá. Bó bá kírun ọ̀sán tán, á gbé Bakır lé itan, á máa ká ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò, á sì máa nà án, bí dókítà ṣe kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà á to àwọn ẹsẹ̀ onígi tó fi ń na bàtà sílẹ̀ ní ìbú, kí Bakır máa gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ológbò náà á gbé ọ̀kan, á kọsẹ̀ lára èkejì, Kadri á sì máa sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Gbé e. Gbé e, ọba mi. Kò sẹ́ni tó ń lé ẹ."

Wàhálà tó kù ni ti àdúgbò. Ní Balat, ológbò tó bá yà lẹ́nu ọ̀nà rẹ, àlejò ni. Abọ́ wà lẹ́nu ilé gbogbo. Ẹni tó bá lé ẹranko kúrò nídìí oúnjẹ, a máa ń wò ó bí ẹni tó lé aláìní. Láádá ni gbogbo wa ń wá. Kadri wá gé awọ pupa tẹ́ẹ́rẹ́, ó lu lẹ́tà sí i lára lọ́kọ̀ọ̀kan, ó so ó mọ́ Bakır lọ́rùn: *Ẹ má fún mi lóúnjẹ. Mo ní àtọ̀gbẹ.* Àwọn ènìyàn á kà á sókè, wọ́n á káàánú rẹ̀, wọ́n á sì fún un lóúnjẹ.

"Ẹ ò mọ̀wé ni?" Kadri á pariwo.

"Mo mọ̀ ọ́n. Díẹ̀ báyìí ni. Ó wò mí lójú, Kadri Usta!"

Nítorí náà ó fi ìdajì ilẹ̀kùn sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, Bakır kò sì jáde mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò lè fò ó. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé inú Kadri dùn. Mi ò rí i kó dùn bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń kọrin bó ti ń kan ìṣó.

Vesile Hanım wá lọ́jọ́ kan. Ó gbé adìẹ bíbọ̀ tí kò fi iyọ̀ sí lọ́wọ́.

"Mo bi dókítà. Ó ní díẹ̀ ò burú, bó bá wà nínú ìwọ̀n oúnjẹ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rí i."

"Ó ń sùn."

"Ojú rẹ̀ nìyẹn. Ó ń wò mí."

"Ó máa ń lajú sùn." Ó gba àwo náà lórí ìdajì ilẹ̀kùn. "A dúpẹ́."

Obìnrin náà kò tíì gun àtẹ̀gùn rẹ̀ dé ìdajì tí Kadri fi da adìẹ náà fún ológbò mìíràn ní ìta. Vesile Hanım yíjú padà, ó rí i. Ó wọlé rẹ̀ lọ.

Mo bá Kadri wí.

"Ẹ̀yìn rẹ ti ń tẹ̀, Kadri. Jẹ́ kí obìnrin yìí máa gún ti ìrọ̀lẹ́, kíwọ náà lè máa sùn bí ènìyàn."

"Raşit Abi, ẹ̀yin ò mọ̀." Abi, ìyẹn ẹ̀gbọ́n, ló máa ń pè mí. Ó ń fi òwú tí a fi ìda pa rán bàtà, kò gbójú sókè. "Nígbà tẹ́sẹ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá, ó máa ń lọ. Ní báyìí, ó ń dúró."

"Ṣé o ò fẹ́ kẹ́sẹ̀ náà san ni?"

"Mo fẹ́ kó san. Mo fẹ́ kó sì dúró."

Mo padà sídìí ìkòkò mi.

Ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í san. Ẹ̀rùn ti ń wọlé, àjàrà orí ògiri ti ń rúwé. Ti ọ̀tún ló kọ́kọ́ san. Gìgísẹ̀ rẹ̀ gbéra kúrò nílẹ̀, bí ìdí bàtà tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ tú. Ti òsì tẹ̀ lé e. Kadri pariwo pè mí, mo rò pé iná ló ń jó. Bakır dúró sáàárín rọ́bà, lórí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìrù rẹ̀ nà sókè. Omi dé ojú Kadri. Ó fi apá ẹ̀wù nù ún.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí ó ti ń gbé ìdọ̀tí dànù, Bakır gba ẹgbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde. Ó gba ojú ọ̀nà kọjá. Ó dúró nídìí àtẹ̀gùn òkúta, ó wò ó dókè, ó sì gbé ẹsẹ̀ lé e. Ó gun díẹ̀, ó sinmi. Ó tún gun. Kadri dúró ní ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ìdọ̀tí lọ́wọ́.

"Bakır!"

Ológbò náà bojú wẹ̀yìn, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ó ń gòkè lọ. Ilẹ̀kùn òkè ṣí.

"Yéè! Ẹsẹ̀ ti dá ṣáṣá! Àlejò mi, ibo lo lọ látọjọ́ yìí?"

Mo ti rí ojú Kadri nígbà tí wọ́n ń sin ìyá rẹ̀. Kò burú tó ti òwúrọ̀ yìí.

Kò pẹ́ tí Vesile Hanım fi gbé e sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀. "Ẹ gbà. Kò jẹ nǹkan kan lọ́dọ̀ mi. Mo mọ òfin."

Kadri gba ológbò náà, ó wọlé, ó sì fi ìwọ̀ irin kan kún ìdajì ilẹ̀kùn. Látọjọ́ náà, òun àti obìnrin náà kò kí ara wọn mọ́.

Báyìí ni wọ́n wà tí ọdún Iléyá fi dé.

Ṣọ́ọ̀bù gbogbo ti. Dókítà Selda náà ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún. Àgbò ń ké níbi gbogbo, lẹ́yìn náà wọn ò ké mọ́, òórùn ẹran gba ojú ọ̀nà kan. Kò sí ilé tí kò ju ẹran fún ológbò. Bakır dúró lẹ́yìn ìdajì ilẹ̀kùn, ó ń họ ọ́, ó ń ké sí ìta. Kadri ò lè gbà kó máa wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Ó ra ẹ̀dọ̀ àti ẹran àgbò, èyí tó dára jù lọ, ó ń gé e wẹ́wẹ́ fún un. Ó gbé agolo dókítà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Abẹ́rẹ́ nìkan ni kò yí padà.

"Dókítà sọ pé tí oúnjẹ bá yí padà—" ni mo bẹ̀rẹ̀.

"Búrẹ́dì ni dókítà ń sọ, Abi. Ẹran ṣáà ni ẹran. Ẹ wò ó, kò tún ké sí ìta mọ́."

Ó jẹ ẹran lọ́jọ́ ọdún, ó jẹ ẹ́ ní ọjọ́ kejì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta mo yà láti mú kọ́kọ́rọ́ mi. Kadri pè mí.

"Ẹsẹ̀ tún ti ń yẹ̀."

Bakır ń rìn lọ sídìí omi, ìdí rẹ̀ ń yí bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Ṣó jẹun?"

"Ó lá ẹ̀dọ̀ díẹ̀. Mo ti gún un." Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ológbò náà padà sórí ibùsùn rẹ̀. "Máa sinmi. Kò síbi tó ò ń lọ."

Ohùn rẹ̀ tutù, ó dẹ̀. Mo bá ọ̀nà mi lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ìdajì rẹ̀ ni mo gbọ́ lára ògiri, ìdajì ni mo fojú rí. A ti kírun ọ̀sán. Vesile Hanım wọ ìborùn tuntun, ó gbé àwo baklava, àkàrà dídùn tí wọ́n rẹ sínú omi ṣúgà, ó dúró lẹ́nu ìdajì ilẹ̀kùn.

"Ẹ kú ọdún, Kadri Usta. Ẹni tó bá ń bínú lọ́jọ́ gbogbo, kì í bínú lónìí."

Lọ́dọ̀ tiwa, ọjọ́ mẹ́rin ni ọdún yìí ń gbà, kò sì sẹ́ni tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó wá kí i kú ọdún. Kódà ọmọ bàbá kan náà tó ń bá ara wọn ṣẹjọ́, wọ́n á ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ náà. Mo gbọ́ ìwọ̀ irin náà bó ṣe yọ.

"Ẹ kú ọdún. Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

Àga gbá ilẹ̀. Ohùn Vesile Hanım ló tẹ̀ lé e.

"Kí ló ṣe é?"

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló padà sẹ́yìn. Mo ti sọ pé kò gbọdọ̀ gun àtẹ̀gùn."

"Kadri Usta, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni àìsàn yìí mú. Àwọn ti iwájú wọ̀nyí ńkọ́, tó fi ń gbọ̀n?"

Mo gbọ́ bí obìnrin náà ṣe kúnlẹ̀.

"Kí ló jẹ?"

"Ẹran."

"Ẹran nìkan? Látìgbà wo?"

"Látọjọ́ ọdún."

"Ẹ sì ń gún un bákan náà?" Àwo dún lórí pákó. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn Kadri, ó lé sókè: "Kí lẹ fẹ́ fi ṣúgà ṣe? Ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?"

Mo sáré wọlé. Àwọn méjèèjì wà lórí ìkúnlẹ̀. Vesile Hanım ti ti ìka bọ omi ṣúgà abẹ́ baklava, ó ń kán sílẹ̀. Kadri di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Láàárín wọn, Bakır dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni. Orí rẹ̀ ń mì.

"Ṣúgà ti tán lára rẹ̀!" ni Vesile Hanım wí. "Abẹ́rẹ́ yín ti gbé e mì tán. Ẹ fi mí sílẹ̀."

"Kadri," ni mo wí.

Gbogbo ara ológbò náà ta lẹ́ẹ̀kan. Kadri wo ọwọ́ tó dì mú. Ó tú u sílẹ̀.

Vesile Hanım fi ìka náà pa èrìgì ológbò náà ní inú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó tún tì í bọ omi ṣúgà, ó tún pa á.

"Ẹ gbé orí rẹ̀."

"Mo gbé e."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má gba ọ̀fun."

Kadri dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. A dúró. Ìta kún fún ariwo ọmọdé tó ń kí ọdún láti ilé dé ilé. Ó pẹ́ kí ahọ́n Bakır tó yọ. Ó lá ìka náà lẹ́ẹ̀kan. Ó tún lá a, ó sì wá ń lá a bí ìgbà tó ń lá ara rẹ̀. Kadri ń wo ahọ́n náà. Ayọ̀ wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìka tí ahọ́n náà ń lá kì í ṣe tirẹ̀, ìyẹn náà wà níbẹ̀.

Ilé ìyá rẹ̀ ni Dókítà Selda wà nígbà tí mo pè é. Ó ní ká gbé e wá, òun á ṣílẹ̀kùn. Nínú takisí, Vesile Hanım jókòó níwájú pẹ̀lú ológbò náà lórí itan. Kadri tẹ orí sí etí mi.

"Nígbà tí mo rí i tó ń yẹ̀ láàárọ̀," ni ó wí, "inú mi dùn, Abi."

Mo wo ojú fèrèsé.

Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ó ní ẹran nìkan kò gbé ṣúgà wọlé bí oúnjẹ agolo, abẹ́rẹ́ tí a fi ìwọ̀n agolo wọ̀n sì ti pọ̀ jù. Ara rẹ̀ náà ti ń yá, kò nílò tó ti tẹ́lẹ̀. Ó dín ín kù sí ìdajì. Kò sí abẹ́rẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kí wọ́n máa fún un lóúnjẹ díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kan jókòó tì í títí ilẹ̀ fi máa mọ́, níbi tó gbẹ, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Ṣọ́ọ̀bù yín ń rin," ó sọ fún Kadri. "Ta ló máa ṣọ́ ọ?"

Mo ti mọ ohun tó máa sọ. Vesile Hanım náà ti mọ̀ ọ́n. Ó ti ń wo ilẹ̀.

Kadri yọ fìlà, ó tún dé e.

"Vesile Hanım," ni ó wí. "Èmi á gbé e dókè."

Òun ló gbé e gun àtẹ̀gùn náà. Kò dé òkè ibẹ̀ rí. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀, mo sì rí ìdí tó fi dúró lẹ́nu ọ̀nà tí kò wọlé. Aṣọ kóòtù tó nípọn ni obìnrin náà gé ní tẹ́ẹ́rẹ́, ó rán an mọ́ra wọn, ó tẹ́ ẹ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí fèrèsé, ó sì yà á lọ sídìí abọ́ omi. Àpótí kékeré kan, èyí tó ga jù ú lọ díẹ̀, àti òmíràn, ló tò gun orí àga. Páànù tí a gé etí rẹ̀ sílẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀. Kò sí eruku lórí ìkankan.

"Ìgbà wo lẹ ṣe gbogbo èyí?"

"Ọjọ́ tí a ti ọ̀dọ̀ dókítà dé, ní ìgbà òtútù."

"Kò sì lè gòkè."

"Ẹ ò jẹ́ kí n gbé e."

Kadri gbé Bakır sórí àga. Ó kúnlẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ etí aṣọ náà níbi tó yà.

"Ibí yìí ń ká. Á gbé e ṣubú." Ó tún tẹ̀ ẹ́. "Màá mú rọ́bà wá."

Kò wọ ọkọ̀ ojú omi lọ́jọ́ náà. Vesile Hanım ní kó wá jókòó nínú ilé, ó ní rárá. Orí àtẹ̀gùn ló jókòó sí pẹ̀lú tíì rẹ̀.

Báyìí ni nǹkan ṣe wà ní báyìí. Kadri ń gún abẹ́rẹ́ àárọ̀, Vesile Hanım ń gún ti ìrọ̀lẹ́. Oúnjẹ agolo wà lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, ìwọ̀n kan náà. Bakır ń gun àtẹ̀gùn fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ṣì máa ń tẹ̀ díẹ̀ bó bá ti rẹ̀ ẹ́. Kadri ti padà sí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ikọ́ náà ti lọ. Ṣùgbọ́n kò lọ tààrà sí èbúté. Bó bá ti ilẹ̀kùn tán, á dúró nídìí àtẹ̀gùn, á gbójú sókè. Mo ń gbọ́ wọn lójoojúmọ́ bí mo ti ń bo iná mi.

"Vesile Hanım! Ṣé ó jẹun?"

"Ó jẹun."

"Tán pátápátá?"

"Ó ṣẹ́ díẹ̀ kù."

"Lọ́dọ̀ mi, kì í ṣẹ́ kù."

Á sì yí ẹ̀yìn padà, á máa lọ bá ọkọ̀ rẹ̀.